Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì Alálùpùpù Léèrè: Boxer 100 lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ìbàdàn

Nínú àwọn lẹ́tà tó dé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ máṣíìnì kékeré lójú títì ńlá ló pọ̀ jù. Mo mú mẹ́ta nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ ni màá dúró lé lórí jù, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé wa lẹ wà nírú ipò tí ọmọkùnrin yìí wà.

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ahunṣọ òfì ni mí ní Ìsẹ́yìn, ọmọ ọdún 23. Boxer 100 ni mò ń gùn. Bí ọjọ́ ọjà bá ti pé, màá di aṣọ sẹ́yìn rẹ̀, màá gba Ìjàyè àti Mọ́níyà wọ Ìbàdàn. Bí tírélà tàbí tipá bá fẹ́ yà mí sílẹ̀, ńṣe ni máṣíìnì á máa gbọ̀n, á dà bíi pé nǹkan ń tì mí sígbó, á sì tún máa fà mí padà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa sá sẹ́yìn tírélà, pé atẹ́gùn ò ní dà mí láàmú níbẹ̀, epo ò sì ní tètè tán. Mẹkáníìkì mi ní kí n jẹ́ kí òun pààrọ̀ sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú, irin eléyín tó ń fa ṣéènì, sí èyí tó tóbi, pé yóò máa sáré bíi Boxer 150. Ìyàwó mi ní kí n má gùn ún lọ mọ́ rárá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn? — Ahunṣọ, Ìsẹ́yìn

Ìdáhùn

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyàwó rẹ ló sún mọ́ òótọ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní sọ fún ọ pé kí o má lọ.

Mo mọ ọ̀nà yẹn. Òkè-Ògùn ni mo ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jẹun, èmi àti Honda tí wọ́n fún wa láti máa fi gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí abúlé, àpótí yìnyín lẹ́yìn, ìwé orúkọ àwọn ọmọ nínú báàgì lọ́rùn. Nígbà yẹn, kòtò ló kún ọ̀nà Ìjàyè. Kò sẹ́ni tó lè sáré níbẹ̀, bó ti wù kí mọ́tò rẹ̀ lágbára tó. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti wá tún kìlómítà 65 láti Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, inú gbogbo wa ló dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ti ń fò níbi tí wọ́n ti ń rákò tẹ́lẹ̀, agbára Boxer rẹ kò sì kúrò níbi tó wà. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀.

Kì í ṣe pé Boxer 100 ò lè dé Ìbàdàn. Ó lè dé ibi tó jìn ju Ìbàdàn lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín eré tìrẹ àti eré ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń pa èèyàn. Ká ní ò ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ọkọ̀ Sienna kan sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ tó ń sá 110. Bíi mítà 14 ló fi ń sún mọ́ ọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bó bá rí ọ láti mítà 100, ìṣẹ́jú àáyá méje péré ló ní láti pinnu ohun tó máa ṣe. Tó bá fi mẹ́rin nínú méje yẹn wo fóònù, mẹ́ta ló kù.

Mo mọ̀ pé ìwọ náà á ní, ṣebí kí n kúkú sá 100 kí n bá wọn dọ́gba. Máṣíìnì rẹ kò lè ṣe é. Agbára ẹṣin bíi 8 ni ẹ́ńjìnnì yẹn ní, atẹ́gùn sì le ju bí a ṣe rò lọ. Bí eré rẹ bá kúrò ní 40 tó di 80, atẹ́gùn tó ń dojú kọ ọ́ yóò di ìlọ́po mẹ́rin, agbára tí ẹ́ńjìnnì fi máa là á kọjá yóò sì di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí o bá fi máa lé díẹ̀ ní 80, o ti fún un níná tán, ọwọ́ rẹ kò rí ibi tó tún máa yí i sí. Bí nǹkan bá yọ lójijì, kò sí èyí tó ṣẹ́ kù tí o lè fi sá fún un. Ẹ́ńjìnnì tó sì ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan lábẹ́ oòrùn Òkè-Ògùn, tí kò ní nǹkan mìíràn tó ń tù ú lára ju atẹ́gùn lọ, òun fúnra rẹ̀ á máa jó ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ kò ju bíi lítà kan lọ. Bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ bá ti lọ láìjẹ́ pé o mọ̀, o ti ń sún mọ́ kí ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà, kí táyà ẹ̀yìn sì há lójijì, pẹ̀lú ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ.

Wo ti bíréèkì náà. Bó o bá ń sá 60, tí ọ̀nà gbẹ, tí bíréèkì rẹ sì dára, wàá lo bíi mítà 45 kí o tó dúró pátápátá, tí a bá ka àkókò tí ojú fi rí i tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi gbọ́ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ 80, ó lé ní mítà 70. Màlúù tó bá já sójú títì látinú igbó kò ní fún ọ ní mítà 70. Nítorí náà, 50 sí 60 ni kí o máa sá. Kí ẹni tó bá ń kánjú kọjá.

Ní ti gbígbọ̀n yẹn, kì í ṣe máṣíìnì rẹ ló bàjẹ́. Tírélà ń ti atẹ́gùn síwájú, ó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí imú rẹ̀ bá dé ẹ̀gbẹ́ rẹ, atẹ́gùn yẹn á tì ọ́ sígbó. Bí ara rẹ̀ bá ń kọjá, á máa fà ọ́ mọ́ra. Bí ìdí rẹ̀ bá kọjá tán, atẹ́gùn tó ń yí lẹ́yìn rẹ̀ á tún gbá ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tó ń sọ ọ́ di ìṣubú ni pé ẹ̀rù á ba ẹni tó ń gùn ún, á di ọwọ́ máṣíìnì mú gírígírí, gbogbo gbígbọ̀n apá rẹ̀ á sì wọ inú táyà iwájú. Fi orúnkún méjèèjì fún táńkì pọ̀, kí o dẹ apá, kí o tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí o dín eré kù díẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Má fọwọ́ kan bíréèkì. Ṣùgbọ́n kí o tó lè múra sílẹ̀, o ní láti mọ̀ pé ó ń bọ̀, dígí ló sì máa sọ fún ọ. Ìgbà mélòó ni mo rí ọmọkùnrin tó yọ dígí méjèèjì jù sílẹ̀ torí pé wọn ò jẹ́ kí òun ráyè wọ àárín ọkọ̀! Bí ìwọ náà bá ti yọ tìrẹ, dá wọn padà lọ́la.

Ibi tí o bá ń tọ̀ lójú títì tún ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rọ̀ mọ́ etí ọ̀dà lápá ọ̀tún, wọ́n á ní àwọn ń fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀. Etí ọ̀dà yẹn ló burú jù. Ó ga ju ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ níbi púpọ̀, bí táyà bá bọ́ síbẹ̀ tí o sì fẹ́ gùn padà, yóò gbé ọ ṣubú. Níbẹ̀ ni iyanrìn kó jọ sí, níbẹ̀ ni wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́ sí. Àti pé bí ọkọ̀ bá rí ọ létí, á rò pé àyè gba òun láti fún ara òun kọjá, kódà bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀ níwájú. Fi bíi mítà kan sílẹ̀ láàárín ìwọ àti etí ọ̀dà. Bí ẹni tó ń bọ̀ bá sún mọ́ ọ jù, mítà kan yẹn ni wàá yà sí.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí o sá sẹ́yìn tírélà ńkọ́? Òótọ́ ni pé atẹ́gùn ò pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tírélà máa ń gba orí kòtò kọjá, kí kòtò wà láàárín táyà rẹ̀ ọ̀tún àti tòsì, awakọ̀ rẹ̀ ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òun kọjá nǹkan kan. Ìwọ tó wà láàárín gbùngbùn lẹ́yìn rẹ̀, kòtò yẹn ló máa yọ sí ọ lójijì. Táyà tírélà tí wọ́n lẹ awọ tuntun mọ́ tún máa ń bó lójú ọ̀nà, ìrépé rẹ̀ á sì fò sẹ́yìn. Mo ti wẹ ojú ọgbẹ́ ẹni tí irú rẹ̀ gbá láyà, n kò fẹ́ wẹ tìrẹ. Jẹ́ kí tírélà lọ títí wàá fi rí abẹ́ rẹ̀ àti ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀.

Mẹkáníìkì rẹ kò parọ́ tán, àmọ́ kò sọ òótọ́ tán. Bí ó bá fi eyín kan kún sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú, yíyí ẹ́ńjìnnì yóò dín kù ní eré kan náà, ariwo rẹ̀ á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára ẹṣin 8 ṣì ni. Ohun tó rí gbà ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, yóò pàdánù rẹ̀ lórí òkè. Pẹ̀lú ẹrù aṣọ lẹ́yìn àti atẹ́gùn níwájú, gíà kẹrin lè má gbé e mọ́, wàá wá máa gùn ún ní gíà kẹta, wàá sì jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Boxer 150 ní agbára ẹṣin bíi 12. Kò sí sípírókẹ́ẹ̀tì tó ń bí ẹṣin mẹ́rin. Bí owó bá dé lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ iwájú, ra 150, yóò fún ọ ní èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí o bá nílò rẹ̀, tí o bá ṣáà ń sá 60 lórí rẹ̀ náà.

Owó tí o fẹ́ san fún sípírókẹ́ẹ̀tì, fi ṣe bíréèkì. Kí ó ṣí ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí ó wo awọ bíréèkì tó wà níbẹ̀ bó ti kù sí. Kí ó wo ṣéènì, kó má fà le jù, kó má sì rọ̀ débi tí yóò fi bọ́. Atẹ́gùn táyà, 25 níwájú, 28 lẹ́yìn bí o bá dá gùn ún, 32 bí ẹrù bá wà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó ní ó ti tó, kí ó fi géèjì wọ̀n ọ́n. Ọ́ìlì, yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kí o tó fa ẹ́ńjìnnì, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Ẹrù rẹ náà ń bà mí lẹ́rù. Aṣọ òfì wúwo, mo sì mọ bí ẹ ṣe ń tò ó lórí pákó tó yọ síta lọ́tùn-ún lósì. Bó bá fẹ̀ ju ọwọ́ máṣíìnì lọ, ìgbòkun ni o gbé sẹ́yìn, gbogbo tírélà tó bá kọjá ni yóò fi atẹ́gùn gbá a. Bó bá sì yọ sẹ́yìn kọjá táyà, yóò gbé iwájú fúyẹ́, táyà iwájú ò ní di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Gbé e súnmọ́ ìdí rẹ, kí ó má ga, kí ó tín-ín-rín, kí o fi rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù dì í níbi mẹ́rin. Wò ó pé kò bo iná ẹ̀yìn. Bí aṣọ bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, fi ránṣẹ́ sínú ọkọ̀ èrò, kí ìwọ tẹ̀ lé e.

Ohun kan wà tí ẹnì kankan nínú wọn ò sọ fún ọ. Ìsẹ́yìn wà ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Ìbàdàn. Bí o bá ń lọ láàárọ̀, oòrùn yóò máa yọ sí ọ lójú. Bí o bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ojú rẹ náà ló ń wọ̀ sí. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, oòrùn kan náà ló ń dojú kọ, gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ kún fún eruku, ìwọ sì rèé níwájú rẹ̀, kékeré, dúdú. Ó lè máà rí ọ rárá. Má kúrò nílé títí oòrùn á fi gòkè díẹ̀, bí aago mẹ́sàn-án, kí o sì ti máa padà bọ̀ ní aago mẹ́ta. Tan iná iwájú lọ́sàn-án gangan. Wọ aṣọ tó tàn, ìwọ tó ń hun àwọ̀ mèremère fún aráyé, má wọ dúdú lójú títì. Má rìn lóru: ọ̀pọ̀ máṣíìnì kékeré, iná iwájú wọn á máa kú lọ bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí díẹ̀, ibi tí o bá sì ti dín eré kù nítorí pé o kò ríran ni iná yóò ti ṣókùnkùn jù.

Bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, má yọ gíà, má pa ẹ́ńjìnnì nítorí pé o fẹ́ fi epo pamọ́. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú gíà ń bá ọ di máṣíìnì mú. Bí o bá yọ ọ́, bíréèkì kékeré yẹn nìkan ló kù, á sì gbóná títí kò fi ní múlẹ̀ mọ́.

Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ńkọ́? O kò bi mí, àmọ́ mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan oníbàárà á pè ọ́ láti Èkó. Má gbé Boxer 100 gba ibẹ̀ o. Èrò bọ́ọ̀sì ni kí o ṣe.

Ìbéèrè

Màmá, ẹ kú ìmọ̀ràn. Ìkòròdú ni mo wà, mo ti lé ní 50 ọdún. Iléeṣẹ́ kékeré kan fẹ́ gbà mí láti máa bá wọn fi máṣíìnì gbé ẹrù lọ fún oníbàárà, TVS 125 tèmi ni wọ́n sì ní kí n lò. Wọ́n ní kí n máa gba bíríìjì Third Mainland lọ sí Erékùṣù Èkó. Ṣé kò léwu? — Bàbá Ìbejì

Ìdáhùn

Bàbá Ìbejì, ó léwu, kò sì bófin mu. Láti 2012 ni òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó ti lé máṣíìnì kúrò lórí àwọn títì ńlá àti bíríìjì, àwọn tó ń gbé ẹrù fún oníbàárà pẹ̀lú máṣíìnì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó 200cc nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda fún. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà 2022, wọ́n tún lé ọ̀kadà kúrò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà lákọ̀ọ́kọ́: Ìkẹjà, Surulere, Etí-Ọ̀ṣà, Erékùṣù Èkó, Lagos Mainland àti Apapa. Bí wọ́n bá mú yín lórí bíríìjì, máṣíìnì yín ni yóò lọ, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ yẹn.

Ká tiẹ̀ fi ti òfin sílẹ̀. Bíríìjì yẹn gùn tó kìlómítà 11 ó lé, atẹ́gùn ọ̀sà ń gbá a láti ẹ̀gbẹ́, bí táyà bá sì jò kò sígbó tí ẹ máa yà sí. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fún yín ní máṣíìnì tó tó 200, kí ìwé rẹ̀ pé lórúkọ wọn, kí wọ́n sì fún yín ní akoto. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ó dùn mí láti sọ fún bàbá tó ń wá oúnjẹ ọmọ pé kó kọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń fi máṣíìnì yín, epo yín àti orí yín ṣòwò kò ní bá yín san owó ìwòsàn.

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣakí ni mo ti ń kọ̀wé. Ọkọ mi máa ń fi máṣíìnì gbé wa lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ìkókó á wà lẹ́yìn mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin á jókòó sórí táńkì níwájú. Ọkọ mi ra akoto, àmọ́ ìyá mi ní kí n má dé e torí a ò mọ ẹni tó ti dé e rí, pé wọ́n ń fi gba orí èèyàn. Tí mo bá sì fẹ́ dé e, ṣé mo lè dé e lé gèlè? — Ìyá Ìkókó

Ìdáhùn

Ìyá Ìkókó, n kò ní bá ìyá yín jà. Ní 2009 tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò bá dé akoto, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni gbogbo èrò ọ̀kadà ń sọ. Àwọn ọlọ́kadà kan tilẹ̀ ń dé igbá àti agolo ọ̀dà káwọn ẹ̀ṣọ́ má baà mú wọn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń bẹ̀rù orí ẹlòmíràn, kí ó ra tirẹ̀ ní tuntun, kí ó kọ orúkọ sí i, kí ó máa gbé e wọlé. Èmi náà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé tèmi, nítorí iná orí àti làpálàpá ni tèmi ṣe. Àwọn olùwádìí tó kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ rí i pé akoto ń dín ikú àwọn tó bá ní jàǹbá máṣíìnì kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ọgbẹ́ orí kù ní ìdá 69. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tí fóòmù líle wà nínú rẹ̀, torí fóòmù yẹn ló ń gba ìgbá náà fún orí. Èyí tó jẹ́ ike lásán, ti àwọn tó ń kọ́lé ni. Bó bá sì ti gbá ilẹ̀ nínú jàǹbá rí, ẹ má dé e mọ́, bí kò tilẹ̀ sán.

Ní ti àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Kò sí akoto fún ìkókó tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ò sì lè gbé e. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó wà lórí táńkì, òun ni yóò kọ́kọ́ kan ohun tí ẹ bá forí sọ. Ní wọ́ọ̀dù, ọmọ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ wọ sípóòkì àti ọmọ tí sáilẹ́ńsà bó ní ojúgun kì í wọ́n lójú wa, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní jàǹbá kankan, ìrìn jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń rìn. Láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn ti jìn jù fún èèyàn mẹ́rin lórí máṣíìnì. Kí ọkọ yín gun tirẹ̀ lọ, kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ wọ ọkọ̀. Bí owó ọkọ̀ kò bá tó fún gbogbo ìgbà, kí ìyá ọkọ yín rí yín lẹ́ẹ̀kan níbi tí ó ti ń rí yín lẹ́ẹ̀mejì.

Gèlè kò ṣeé dé akoto lé, nítorí akoto á jókòó sókè, á sì fò kúrò lórí ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣubú. Ẹ di irun sílẹ̀, ẹ fi ìborùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wé e pẹlẹbẹ. Akoto gbọ́dọ̀ kan orí yíká, kí ó bo iwájú orí, kí okùn rẹ̀ sì dì lábẹ́ àgbọ̀n débi pé ìka méjì péré ló lè wọ ibẹ̀.